Ìwé Àwòrán Ẹ̀fẹ̀: Ta Ni Ó Ni Ẹ̀rín Náà?

Ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni a fi ń rín in. Nígbà tí àwọn àgbà pa òwe yìí, kì í ṣe pé wọ́n ń gbà wá ní ìmọ̀ràn pé kí a máa ṣí eyín sílẹ̀ bí ẹni tí kò ní làákàyè. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ẹ̀rín jẹ́ iṣẹ́, àti pé ìgbà mìíràn a máa wà tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ yìí nìkan ni ó kù lọ́wọ́ ẹni tí kò lágbára. Irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ẹ̀rín inú àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi owó ara wọn tẹ̀, tí wọ́n ń ya àwòrán sí, tí wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ àwàdà sí, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba tàbí lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kankan. Ìwé àwòrán ẹ̀fẹ̀ ni n ó máa pè wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ni kò kà wọ́n mọ́ lítíréṣọ̀ rárá. Èmi kà wọ́n mọ́ ọn, ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan láti bá wọn rò.

Ọjà Tuntun, ní Ìlọrin níbí, ni ẹjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo lọ ra kúlíkúlí lọ́wọ́ Àlájà kan tí mo ti di oníbàárà rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wọ yunifásítì. Ìwé àtijọ́ tí àwọn ará ilé kan kó tà fún un ni ó fi ń di ọjà fún wa lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo máa wo èyí tí ó fi di tèmi, ojú ewé kan nínú Ikebe Super ni! Ìdajì rẹ̀ ti ya lọ. Ọkùnrin apárí kan, tí ikùn rẹ̀ yọ síwájú bí àmù, ni ó wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ sì rí bí ojú ẹni tí a ká mọ́ ibi tí kò yẹ kí ó wà. Àlájà náà rí i, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀yin ni ẹ mọ̀wé, kí ni bàbá yìí ń wí?" Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín, Àlájà." Gẹ̀ẹ́sì tí a fi pijin là ni wọ́n fi kọ ọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ títí, mo fi ọwọ́ júwe, mo tún èyí tí mo ti wí wí. Kí n tó parí rẹ̀, ẹ̀rín ti kúrò lójú Àlájà. Ó ní, "Háà, àwòrán yẹn dùn ju ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ," ó sì kọjú sí oníbàárà mìíràn.

Èdè ni mo ń kọ́ ní yunifásítì, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà dùn mí. N kò lè di ẹ̀bi rẹ̀ lé Àlájà lórí, n kò sì fẹ́ gbà pé èmi nìkan ni mo jẹ̀bi rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi léèrè pé báwo ni ó ṣe jẹ́ tí ìwé tí ọmọ Yorùbá yà, tí ó kún fún ènìyàn tí gbogbo wa mọ̀ ní àdúgbò wa, ṣe nílò ògbufọ̀ kí obìnrin Yorùbá kan tó lè rín ẹ̀rín inú rẹ̀ já.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ fún ẹni tí ìyìn tọ́ sí ní ìyìn. Ní ọdún 1976 ni Wálé Adénúgà dá Ikebe Super sílẹ̀. Ìmọ̀ ìṣòwò ni ó kọ́ ní Yunifásítì Èkó, ṣùgbọ́n nígbà tí ó wà níbẹ̀, òun ni ó ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ fún ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kò gbé àwòrán rẹ̀ lọ tọrọ igun kan nínú ìwé ìròyìn ńlá; ó dá ilé tirẹ̀ kọ́. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú lè má mọ bí èyí ti ṣe pàtàkì tó. Akínọlá Láṣekàn, ẹni tí ó ń fi Lash buwọ́ lu iṣẹ́ rẹ̀, ni baba gbogbo àwọn tí ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Láti ọdún 1944 ni ó ti ń yàwòrán nínú West African Pilot, ìwé ìròyìn tí Nnamdi Azikiwe dá sílẹ̀ ní ọdún 1937. Kálàmù Láṣekàn mú bí abẹ, àwọn òyìnbó amúnisìn sì jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn olóṣèlú ni Pilot. Nígbà tí ó di pé àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú wa ń bá ara wọn jà, ibi tí ìjà olówó ìwé bá kọjú sí ni kálàmù náà ń kọjú sí. Ẹrú kọ́ ni Láṣekàn, ṣùgbọ́n inú ilé onílé ni ó ti ń rẹ́rìn-ín. Adénúgà ni ó jáde sí gbangba, tí ó tẹ́ ẹní tirẹ̀.

Ó yà mí lẹ́nu pé ní ọdún 1976 kan náà ni ohun kan tí ó jọ èyí ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọ̀dọ́ kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ kò sí fún púpọ̀ nínú wọn, tí wọ́n ń wọ aṣọ yíya, tí wọ́n ń fi pínnì há a, tí wọ́n sì ń kọ orin aláriwo tí ẹni tí kò kọ́ orin rárá lè kọ. Pọ́ńkì ni a ń pè wọ́n. Àwọn ìwé ìròyìn ńlá kò mọ ohun tí wọn yóò wí nípa wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ṣe akọ̀wé ní báńkì, Mark Perry ni orúkọ rẹ̀, mú táìpúráítà, ó fi kálàmù bọ̀ǹbọ̀ kọ àkọlé rẹ̀ gàdàgbà, ó ṣe fótókọ́pì rẹ̀, ó so ó pọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Sniffin' Glue ni ó pe ìwé náà. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò gún, ìlà rẹ̀ wọ́, àṣìkọ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, láàárín ìgbà díẹ̀, irú rẹ̀ ti ń rú jáde káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí olú lẹ́yìn òjò, nítorí pé gbogbo ẹni tí ó rí i ni ó mọ̀ pé òun náà lè ṣe é. Nígbà tí ó di ọdún 1977, tí ìwé náà ti di ńlá, Perry fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a dúró.

N kò sọ pé ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì yìí kọ́ iṣẹ́ lára ẹnì kejì. Òkun wà láàárín wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni ibi tí wọ́n ti jọra àti ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Wọ́n jọra ní ti pé kò sí ẹni tí ó rán ọ̀kankan nínú wọn níṣẹ́. Wọ́n yàtọ̀ ní ti pé Perry fi ìwé kékeré bẹ̀rẹ̀, ó sì sá fún ìwé ńlá. Ṣùgbọ́n Adénúgà, tí ó kọ́ ìṣòwò, fẹ́ kí ìwé rẹ̀ dé gbogbo ọjà ilẹ̀ Nàìjíríà, ó sì dé ibẹ̀. Inú ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ohun tí mo ní í sọ wà.

Kí ni ó dára nínú Ikebe Super? Àkọ́kọ́ ni àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Papa Ajasco ni olórí wọn: bàálé ilé, apárí, oníkùn ńlá, tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára obìnrin tí ń kọjá lọ. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, Mama Ajasco, tí ó mọ gbogbo ìwà rẹ̀. Ọmọ wọn wà níbẹ̀. Pa James wà níbẹ̀, àgbàlagbà tí ọgbọ́n àrékérekè rẹ̀ kì í tó o gbé dé ilé. Boy Alinco, afínjú ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa kọ ẹnu ìfẹ́ sí obìnrin lọ, wà níbẹ̀. Miss Pepeye tí owó ń pè tí ó ń jẹ́ náà wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti wo ìran eégún alárìnjó rí mọ̀ wọ́n. Àwọn apidán wa ti ń gbé irú ènìyàn báwọ̀nyí jáde láti ayé àtijọ́: ọ̀mùtí, aṣẹ́wó, òyìnbó onímú gígùn, ọlọ́pàá. Ojú kan ni wọ́n ní, ìwà kan ni wọ́n ní, bí wọ́n bá sì ti yọ ni ẹ̀rín ti ń pa wá, nítorí a ti mọ ibi tí wọn yóò ti ṣubú. Àfi bí ẹni pé Adénúgà ká agọ̀ lára wọn, ó sì tẹ́ wọn sórí tákàdá.

Èkejì ni pé bàálé ni ó fi ṣe ẹni ẹ̀sín. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ní ilẹ̀ wa, ọmọdé kì í wo ojú àgbà pẹ́. Baba ni ó ń jẹ orí ẹran, baba ni ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ìwé tí ọmọdé lè fi owó àpò rẹ̀ rà, kí ó sì rí i nínú rẹ̀ pé baba lè jẹ́ òpònú, pé ìyá mọ̀ ọ́n ní òpònú, pé ilé kò sì wó lulẹ̀ nítorí èyí, ìwé bẹ́ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí ìwé àkàyé ilé-ẹ̀kọ́ kò lè ṣe. Ẹni tí ó bá ti rẹ́rìn-ín bàálé, yóò ṣe díẹ̀ kí ó tó bẹ̀rù olóṣèlú tí ń pe ara rẹ̀ ní baba ìlú.

Ó wá ku ẹjọ́ tí mo ní. A mọ ohun tí ń jẹ́ ìkébè ní ìgboro: ìdí ńlá ni. Orúkọ yìí ni wọ́n kọ sí iwájú ìwé, kì í sì ṣe orúkọ lásán. Obìnrin inú ìwé náà, bí kò bá ti jẹ́ ìyá, ìdí rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń wọlé kí òun tó wọlé. Wọ́n yà á ní rìbìtì, wọ́n yà á láyàtúnyà, títí ó fi di pé kò sí orí lórí obìnrin náà mọ́ ní ojú òǹwòran. Nígbà tí Papa Ajasco bá ń lé e, àwa ń rẹ́rìn-ín Papa Ajasco lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ni a fi ń wo obìnrin náà. Ẹ tún wo Miss Pepeye. Ìwọra rẹ̀ ni ìwé náà fi ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ń fi owó ra ènìyàn, apanilẹ́rìn-ín lásán ni. Bí a bá pe olè ní olè, tí a wá pe ẹni tí ń gba ẹrù olè ní ọlọ́yàyà, òṣùwọ̀n wa kò dọ́gba.

Àwọn kan yóò wí pé, "Ẹ̀fẹ̀ lásán ni, ìwọ ọmọ kékeré, kí ló gbé ọ débẹ̀?" Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa ní ẹ̀fẹ̀ tí ó dàgbà ju èyí lọ. Ní Kétu tí ó wà ní ilẹ̀ Benin lónìí, ní Ìlarọ̀, àti káàkiri ìhà ibẹ̀ yẹn, alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni Ẹ̀fẹ̀ ń jáde. Ẹ̀fẹ̀ a máa na olè lẹ́gba ọ̀rọ̀, a máa fi ìyàn gba ìjòyè tí ó jẹ owó ìlú, ẹni tí ó bá sì bá wí kò gbọdọ̀ bínú bá a jà. Iṣẹ́ yìí lókìkí tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ UNESCO fi kà á mọ́ àwọn ìṣúra gbogbo ayé ní ọdún 2001. Ǹjẹ́ ẹ mọ bí Ẹ̀fẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀? Ìbà àwọn ìyá ni ó kọ́kọ́ ń jú. Kí ẹnu tí ó mú jù lọ nílẹ̀ Yorùbá tó bu ẹnikẹ́ni, ó ti kúnlẹ̀ fún obìnrin ná. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún mi pé àwàdà kò lè ṣe é kí a má fi ara obìnrin ṣe yẹ̀yẹ́, Àgbẹdọ̀! Àwọn baba wa ti ṣe é.

Kí ló wá dé tí Ikebe Super fi rí bẹ́ẹ̀? N kò rò pé ìwà burúkú ni. Ọjà ni. Ẹni tí kò ní ọ̀gá, bí kò bá ṣọ́ra, ọjà ni yóò di ọ̀gá rẹ̀. Ìwé tí a fẹ́ tà láti Èkó dé Kánò, láti Kánò dé Onitsha, ó di dandan kí a kọ ọ́ ní èdè tí gbogbo wọn gbọ́. Èyí ni ó bí Gẹ̀ẹ́sì àti pijin tí kò wọ Àlájà létí. Ó sì di dandan kí a ya ohun tí ojú gbogbo ọkùnrin yóò dúró sí lórí àtẹ. Èyí ni ó bí ìkébè. Àlébù méjì ni a rí, ṣùgbọ́n gbòǹgbò kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ọjà kan náà ni ó sì pa ìwé náà níkẹyìn. Láti ọdún 1986 tí ìjọba ológun ti gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé kalẹ̀, owó náírà já wálẹ̀, tákàdá àti yíǹkì gbówó lórí, ìwé ẹ̀fẹ̀ sì di ohun tí kò rọrùn láti tẹ̀ mọ́. Papa Ajasco kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sí orí tẹlifíṣọ̀n, níbi tí àwọn ọmọ tí kò rí ìwé náà rí ti wá mọ̀ ọ́n. Òǹkàwé kò kọ̀ ọ́. Ohun tí ó tóbi ni ó ń jẹun púpọ̀.

Bí ẹ bá wá bi mí pé, ṣé kò wá sí ìwé alàwòrán kankan ní èdè Yorùbá ni? Ó wà. Ní ọdún 1967 ni Atọ́ka bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, lábẹ́ ilé iṣẹ́ West African Book Publishers. Atọ́ka kì í ya àwòrán. Fọ́tò ni ó ń yà. Àwọn òṣèré tíátà alárìnkiri wa ni ó ń kó jọ, tí wọn yóò ṣe eré wọn níwájú kámẹ́rà, tí a ó sì to fọ́tò náà tẹ̀lé ara wọn, tí a ó kọ ọ̀rọ̀ ẹnu olúkúlùkù sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ nínú òbìrí funfun. Yorùbá ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Yorùbá tí ó dùn, tí òwe wà nínú rẹ̀, tí ìyàwó ń bá ìyálé jà nínú rẹ̀ gan-an bí wọ́n ti ń jà ní ilé wa. Bí ó bá jẹ́ pé ojú ewé Atọ́ka ni Àlájà fi di kúlíkúlí mi ni, òun gan-an ni ì bá kà á fún mi, tàbí kí ọmọ rẹ̀ kà á fún un, láìwá ògbufọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín Atọ́ka, ẹ̀rín tí a ti yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀ ni. Ilé iṣẹ́ ńlá ni ó ni ín. Eré tí àwọn ènìyàn ti rí lórí ìtàgé, tí ilé iṣẹ́ sì mọ̀ pé yóò tà, ni ó ń gbé jáde. Ìkà a máa jìyà ní òpin, olóòótọ́ a máa jogún, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá a sì máa wà ní ipò ọ̀gá. Ẹ má gbọ́ mi ní àgbọ́yé: n kò kẹ́gàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé tí ó gbajúmọ̀ lónìí ni kò tó o ní èdè. Ohun tí mo ń wí ni pé Atọ́ka ní èdè, kò ní òmìnira. Ikebe Super ní òmìnira, kò ní èdè. Láti ìgbà náà wá, n kò tíì rí èyí tí ó so méjèèjì pọ̀ lọ́wọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wí pé kò ṣe é ṣe. Ní ọdún 1992, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ní Stellenbosch ní Gúúsù Áfíríkà, Anton Kannemeyer àti Conrad Botes, dá ìwé àwòrán kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Bitterkomix. Ọmọ àwọn Afrikaner ni wọ́n, àwọn òyìnbó tí ń jọba lé àwọn aláwọ̀ dúdú lórí nígbà náà. Wọn kò fi Gẹ̀ẹ́sì bú àwọn baba wọn kí gbogbo ayé lè gbọ́ kí ó sì yìn wọ́n. Èdè Afrikaans gan-an ni wọ́n lò, èdè ilé, èdè ṣọ́ọ̀ṣì, èdè tí àwọn baba náà fi ń gbàdúrà tí wọ́n sì fi ń ṣe òfin ìyàsọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi ta wọ́n lára. Ẹ̀gàn tí a fi èdè àlejò sọ, onílé lè ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́. Èyí tí a fi èdè ìyá rẹ̀ sọ, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ni yóò há sí. N kò ní kí a kó ẹ̀gbin inú ìwé náà, ó sì pọ̀ níbẹ̀. Mo ní kí a wo ìgboyà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Abidjan, Gbich! tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999 mú Faransé ìgboro tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń sọ wọ inú ìwé, àwọn ọmọ ìgboro sì rí ojú ara wọn níbẹ̀.

Àwa ará Ìlọrin kò tilẹ̀ ní láti lọ jìnnà. Dadakúàdà wà nílé. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú, tí ó kú ní ọdún 1997, tàbí Jáígbadé Àlàó, mọ̀ pé kò sí ohun tí ahọ́n Yorùbá kò lè fi ṣe ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ wọn a máa fò láti orí àdúrà bọ́ sórí èébú, láti orí èébú bọ́ sórí ọgbọ́n, kí olùgbọ́ tó mí. Níbi yìí ni èdè wà, ibẹ̀ sì ni ẹnu wà. Ṣùgbọ́n ibi ìnáwó ni onídadakúàdà ti ń ríṣẹ́. Ẹni tí ó ní ìnáwó ni ó ń ná an lówó. Ẹnu tí ó sì jẹ dòdò kò lè sọ òdodo nípa ẹni tí ó dín in fún un. A kò gbọdọ̀ bá wọn wí fún èyí. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì jẹ dòdò ẹnikẹ́ni, kí ni àwáwí tirẹ̀?

Nítorí náà ni mo ṣe dá àbá kan síwájú ẹgbẹ́ wa. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìwé àwòrán ẹ̀fẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí ó kéré, kí ó sì jẹ́ tiwa. Kò gba owó banki. Ẹ mú tákàdá kan ṣoṣo. Ẹ ká a sí méjì lẹ́ẹ̀mẹta, yóò fi ìlà pín sí apá mẹ́jọ. Ẹ ṣí i padà, ẹ la ojú kan sí i láàárín gbùngbùn, ẹ tún un ká. Ó ti di ìwé olójú ewé mẹ́jọ, láìsí okùn, láìsí pínnì. Ojú kan péré ni a ó ṣe fótókọ́pì rẹ̀. Bí 50 bá tà, kí á ṣe 50 mìíràn. Bí kò bá tà, ohun tí a ṣòfò kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán kan fún ènìyàn mélòó kan. Bí ó ti kéré yìí ni ààbò rẹ̀ wà. Ìwé tí kò ní láti dé Kánò kò ní láti sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé tí kò ní láti tà fún gbogbo ọkùnrin Nàìjíríà kò ní láti ya ìdí ẹnikẹ́ni.

Mo mọ ohun mẹ́ta tí àwọn ènìyàn yóò fi ta kò mí. Àwọn kan yóò ní fóònù ti gba ipò ìwé, pé àwọn aláwàdà orí fóònù ń pa wá lẹ́rìn-ín lójoojúmọ́ ní Yorùbá. Òótọ́ ni, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ilé onílé ni wọ́n náà ti ń ṣeré. Onílé ni ó ń yan ẹni tí a ó rí, ìpolówó ọjà sì ni dòdò ibẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀rọ̀ tí a bá kọ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ ń kọ́ni ní ìwé kíkà. Èyí tí ó bá ti kọjá létí ti kọjá nìyẹn. Àwọn kejì yóò ní a óò ba èdè jẹ́, nítorí èdè ìgboro yóò wọ inú rẹ̀. Kí ó wọ̀ ọ́! Ohùn Ìlọrin, ohùn ọjà, ohùn àwọn awakọ̀, gbogbo rẹ̀ ni Yorùbá, bí a bá lè kọ ọ́ dáadáa. Àwọn kẹta yóò ní a ó máa bú àgbà. Wọn kò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wà ní ipò agbára ni kí á bú, kì í ṣe ẹni tí ó gbó. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí ṣe òfin wa: kí á má rẹ́rìn-ín afọ́jú nítorí ojú rẹ̀, kí á má rẹ́rìn-ín tálákà nítorí aṣọ rẹ̀, kí á má rẹ́rìn-ín obìnrin nítorí ara rẹ̀; ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gun orí ẹlòmíràn, kí á rẹ́rìn-ín rẹ̀ títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá sì di pé àwa fúnra wa ni a gùn ún, kí á ya ara wa sí ojú ewé kìn-ín-ní.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọmọ yìí ti wọ́ díẹ̀, àwọn tí ó gbé e ṣáájú ti gbìyànjú, ó sì kù sí ọwọ́ tiwa. Bí ẹgbẹ́ bá gba àbá mi, mo mọ ibi tí n ó kọ́kọ́ mú ìwé náà lọ. N ó mú un lọ sí Ọjà Tuntun, n ó fi lé Àlájà oníkúlíkúlí lọ́wọ́, n ó sì dákẹ́. Bí ó bá bi mí pé kí ni bàbá inú rẹ̀ ń wí, a ti kùnà. Bí ó bá rẹ́rìn-ín tán, tí ó wá fi ìwé náà di kúlíkúlí fún ẹlòmíràn, kí òun náà lè lọ rẹ́rìn-ín, a ti ṣe é nìyẹn.